Ọkọ̀ Eré Ìje Àkọ́kọ́ Yín ní Ìlú Ọba: Bí Ẹ Ó Ṣe Yàn Án àti Bí Ẹ Ó Ṣe Ṣírò Owó Rẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, èló ni ọkọ̀ eré ìje?" Kò sí oṣù kan kí ẹnìkan má bi mí. Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ wọn, torí ọkọ̀ kọ́ ló ń jẹ owó jù. Ohun tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ wálé ni. Mo mọ ẹnìkan tó fi gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ ra ọkọ̀ tó dán gbinrin, ọkọ̀ náà wá fi ọdún méjì jókòó sábẹ́ tàpólì lẹ́yìnkùlé ní Thamesmead. Kò rí owó táyà.

Ẹ̀yin tí mo kọ èyí fún ni ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìlú Ọba, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí ẹ kàn fẹ́ máa wa ọkọ̀ díje lópin ọ̀sẹ̀ lórí pápá bíi Brands Hatch tàbí Snetterton. Eré ẹgbẹ́ la ń sọ. Kò sí owó níbẹ̀. Bí ẹ bá borí, ife kékeré kan ni wọn yóò gbé fún yín, ẹ óò sì fọwọ́ ara yín ti ọkọ̀ gun tirélà (pẹpẹ onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kì í ṣe ti Dangote) nínú òjò.

## Ìdíje lẹ kọ́kọ́ ń yàn

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: èèyàn rí ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rà á, ìgbà tó gbé e délé ló tó ń wá ibi tí yóò ti sá a. Ó wá rí i pé ìdíje kan ṣoṣo ló gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, agbára àwọn tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì tiẹ̀. Ẹ yí ètò náà padà.

1. Ẹ wo ìkànnì àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré: 750 Motor Club, BRSCC, BARC, MSVR, CSCC. Motorsport UK ni àgbà tó ń fún awakọ̀ ní ìwé àṣẹ, òun ló sì ń ṣe òfin ààbò.
2. Ẹ wo pápá tó sún mọ́ ilé. Ẹni tó ń gbé Peckham tàbí Dagenham ní Brands Hatch àti Lydden Hill nítòsí, ní Kent. Ará Manchester ní Oulton Park. Ará Leicester ní Mallory Park àti Donington. Bí ìdíje kan bá ní eré mẹ́fà lọ́dún, tí mẹ́rin nínú ẹ̀ sì jìn ju wákàtí mẹ́ta lọ, owó epo àti owó ibùsùn ti gun orí ẹ̀ nìyẹn.
3. Ẹ gba ìwé òfin ìdíje náà sílẹ̀, kí ẹ ka apá táyà àti apá ẹ́ńjìnnì ṣáájú. Bí òfin bá ní irú táyà kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn máa lò, tí wọ́n sì lẹ ẹ́ńjìnnì pa kí ẹnikẹ́ni má lè tú u, ìyẹn dára fún àpò yín. Níbi tí òfin bá ti ní kí oníkálukú ṣe é bó ṣe wù ú, owó ló ń sáré níbẹ̀.
4. Ẹ lọ wò wọ́n lójú. Níbi eré ẹgbẹ́, ẹni tó sanwó ìwọlé lè rìn wọ padọ́ọ̀kì, ìyẹn àgbàlá tí àwọn awakọ̀ ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ má lọ bá ẹni tó gbé ipò kìíní. Ẹni tó ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, torí ipò tiẹ̀ lẹ ń bọ̀. Ẹ bi í pé: èló lo ná lọ́dún tó kọjá? Kí ló máa ń bàjẹ́ jù? Ta ló ń bá ọ tún un ṣe?

Ẹ mú ìwé kékeré dání. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọn, bí ẹ ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ óò gbàgbé.

## Irú ọkọ̀ tó yẹ kí ẹ fojú sí

Mazda MX-5 àkọ́kọ́ (1989 sí 1997). Bí ẹnìkan bá fi ìbọn sí mi lórí pé kí n yan ọ̀kan, òun ni. Ẹ́ńjìnnì 1.6 tàbí 1.8, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀, ìwọ̀n ẹ̀ kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ, nítorí náà kì í tètè jẹ táyà àti bíréèkì. Pátì ẹ̀ wà káàkiri, ẹgbẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ló sì ní ìdíje fún un, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá sú yín, ẹ lè gbé e lọ sí òmíràn. Ọ̀tá ẹ̀ ni ìpẹtà, mo máa padà sórí ìyẹn. Àwọn kan nínú wọn wá láti Japan pẹ̀lú orúkọ Eunos Roadster. Ọkọ̀ kan náà ni, ó sì máa ń jẹ́ pé iyọ̀ ojú títì ilẹ̀ yìí kò tíì jẹ abẹ́ wọn tó ti ìbílẹ̀.

Citroën C1. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́ta, 998cc, agbára ẹṣin 68. Toyota ló ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ilé iṣẹ́ kan náà ní Kolín, ní ilẹ̀ Czech, ló ṣe òun, Peugeot 107 àti Toyota Aygo, nítorí náà pátì ọ̀kan ń wọ èkejì. Ìdíje wákàtí gígùn wà fún C1, tí awakọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n tilẹ̀ ti ń sá eré wákàtí 24. Kò yára, àmọ́ bí ọkọ̀ ogójì tí kò yára bá wọ kọ́nà kan pọ̀, ẹ ò ní rántí pé kò yára.

Renault Clio 182, Toyota MR2, BMW 116i. 750 Motor Club ní ìdíje fún wọn. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n àtúnṣe kan ṣoṣo lára wọn lè gbé owó tó tó ti eré méjì. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì Clio, fún àpẹẹrẹ, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí di ọdún kejì.

Ọkọ̀ tí mi ò ní gbà yín níyànjú fún ìbẹ̀rẹ̀: ohunkóhun tó bá ní turbo, ohunkóhun tí ó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló lè tún un ṣe ní gbogbo England, àti ọkọ̀ tí ẹ ń fi lọ sí ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá fọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín lọ́jọ́ Ajé.

## Ẹ ṣírò owó kí ẹ tó fojú kan ọkọ̀

Òfin tèmi: ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju ìdajì gbogbo owó ọdún àkọ́kọ́ lọ. Bí £10,000 bá wà lọ́wọ́, ọkọ̀ £5,000 lẹ ń wá, kì í ṣe ti £9,000. Ẹni tó bá fi gbogbo ẹ̀ ra ọkọ̀ ti ra ohun ọ̀ṣọ́.

Àpẹẹrẹ ìṣirò kan nìyí fún MX-5 tí wọ́n ti ṣe tán, eré márùn-ún lọ́dún. Òǹkà tèmi ni o; ẹ fi iye tí ẹ bá rí lọ́jọ́ tí ẹ ń rajà rọ́pò wọn.

- Ọkọ̀: £5,500
- Ìwé àṣẹ, ìdánwò awakọ̀, owó ọmọ ẹgbẹ́: £700
- Aṣọ, akoto, ibọ̀wọ́, bàtà, ohun ìdáàbòbò ọrùn: £1,100
- Àtúnṣe kí ẹ tó sá eré àkọ́kọ́ (ọ́ìlì gbogbo, páàdì bíréèkì, táyà, bẹ́líìtì ìjókòó): £1,200
- Eré márùn-ún, £600 lọ́kọ̀ọ̀kan: £3,000
- Owó òjijì: £1,500

Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ £13,000. Ẹ rí i pé ọkọ̀ kò tilẹ̀ tó ìdajì.

£600 ti eré kan, báyìí ni mo ṣe pín in: owó ìforúkọsílẹ̀ £330, yíyá tirélà £60, epo ọkọ̀ tó ń fà á £80, epo ọkọ̀ eré £50, àti £80 tí mo ń yà sọ́tọ̀ fún táyà àti bíréèkì tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn kì í kọ sílẹ̀. Táyà kò ní kú lónìí, nítorí náà wọn á ní ọ̀fẹ́ ni. Oṣù kẹta á pé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á parí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má fọwọ́ kan owó òjijì. Kì í ṣe owó wíìlì tó dára, kì í ṣe owó kíkun ọkọ̀ ní àwọ̀ Super Eagles. Ti ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbá yín lẹ́yìn ni. Bí ọdún bá parí tí ó ṣì wà níbẹ̀, òun ni owó ìforúkọsílẹ̀ ọdún tó ń bọ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín:

- Ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ tí wọ́n ti sọ fún DVLA (àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀) pé kì í rin títì mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní SORN, kò gbọdọ̀ dúró lójú pópó rárá. Bí fúláàtì lẹ ń gbé, ẹ ti ní owó gáréèjì láti san lóṣooṣù.
- Ìnṣọ́ránsì. Ti ojú títì kì í tẹ̀ lé yín wọ pápá ìje. Ìnṣọ́ránsì pápá wà, ṣùgbọ́n apá tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ san bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ máa ń tóbi. Lórí ọkọ̀ £5,500, èmi kì í gbà á. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé bí mi ò bá lè fara da kí ọkọ̀ náà run pátápátá lọ́sàn-án kan, a jẹ́ pé ó wọ́n jù fún mi.
- Ilé. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ yín rí ìṣirò náà kí ẹ tó rajà. Mo ti rí ọkọ̀ tó dára tí wọ́n tà ní ìdajì iye torí pé ọ̀rọ̀ yìí di ìpàdé ẹbí.

## Ìwé àṣẹ àti aṣọ

Kí ẹ tó lè díje, ẹ óò ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ARDS ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní pápá ìje. Apá méjì ló ní. Olùkọ́ á jókòó tì yín, á wo bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Kì í ṣe eré sísá ló ń wá, bí kò ṣe pé kí ẹ máa gba ojú ọ̀nà kan náà, kí ẹ máa wo dígí, kí ẹ má dẹ́rù bà á. Lẹ́yìn náà ẹ óò kọ ìdánwò lórí òfin àti àsíá. Àsíá ni kí ẹ há sórí bí ìsọdipúpọ̀:

- Yẹ́lò: ewu wà níwájú, ẹ dín eré kù, ẹ má ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀
- Pupa: eré ti dúró
- Búlúù: ẹni tó yára jù yín ń bọ̀ lẹ́yìn
- Yẹ́lò onílà pupa: ojú pápá ń yọ̀
- Dúdú tó ní ojú ọsàn láàárín, pẹ̀lú nọ́ńbà yín: nǹkan ti bàjẹ́ lára ọkọ̀ yín, ẹ wọlé
- Dúdú lásán pẹ̀lú nọ́ńbà yín: ẹ ti ṣẹ̀, ẹ wọlé wá jẹ́jọ́

Tí ẹ bá ti gba ìwé àṣẹ, ẹ óò lẹ àmì ẹni tuntun, àgbélébùú dúdú lórí yẹ́lò, mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ má tijú ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn fún yín ní àyè.

Nípa akoto, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo ra èyí tí wọ́n ti lò díẹ̀, ó dán, ó bá orí mu. Àárọ̀ ọjọ́ eré mi àkọ́kọ́, mo tò sórí ìlà àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Bàbá kan tó ti darúgbó gbà á lọ́wọ́ mi. Kò wo ìta ẹ̀ rárá. Ó fi ìka méjì tú aṣọ inú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ gíláàsì, ó wo bébà kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ inú, ó sì yí i sí mi kí n rí i. Lẹ́tà M ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Snell, àwọn tó ń dán akoto wò. "Ti alùpùpù nìyí," ó ní, ó sì dá a padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń dá ọmọ padà. Ti ọkọ̀ ni SA, torí pé SA ni wọ́n dán wò pẹ̀lú iná. Aago mẹ́jọ kù díẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń ta irinṣẹ́ wà ní padọ́ọ̀kì, owó tí mo san níbẹ̀ ì bá ra táyà mẹ́rin.

Nítorí náà: akoto tuntun, lẹ́tà SA tàbí àmì FIA (àjọ eré ọkọ̀ àgbáyé) nínú ẹ̀. Ohun ìdáàbòbò ọrùn, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní HANS, pọn dandan. Ẹ rí i pé akoto náà ní ihò tí wọ́n fi ń so ó. Aṣọ tí kì í tètè gbaná gbọ́dọ̀ ní àmì FIA lára kọ́là. Ẹ lè ra aṣọ àlòkù. Akoto àlòkù, rárá, torí ẹ ò mọ ẹ̀ẹ̀melòó ló ti já bọ́.

## Ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán

Gbogbo ẹni tó bá mọ mẹkáníìkì kan ní Old Kent Road máa ń rò pé òun lè ra MX-5 £1,500 kí òun sì sọ ọ́ di ọkọ̀ eré. Ẹ ṣe ìṣirò náà. Àgò irin tó ń dáàbò bo awakọ̀, tí wọ́n ń jó mọ́ inú ọkọ̀, ìjókòó, bẹ́líìtì, ohun ìpaná, bọ́tìnì tó ń pa gbogbo iná ọkọ̀ láti ìta, iná pupa ẹ̀yìn fún òjò, ṣọ́ọ̀kì, táyà. Kí ẹ tó dé orí táyà, owó yín ti kọjá ti ọkọ̀ tí ẹlòmíì ti ṣe tán, tó ti sá ogún eré, tí gbogbo àléébù ẹ̀ sì ti hàn. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ kì í rí owó ẹ̀ gbà padà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì jẹ àdánù yẹn.

Ìgbà tó dára jù láti rà ni October sí December. Eré ti parí, àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ ń wá owó, òtútù sì ti ń mú gbogbo èèyàn. Ní March, iye á ti fò sókè.

### Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀

Ẹ lọ ní ọ̀sán, kí ilẹ̀ gbẹ, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, mágínẹ́ẹ̀tì kékeré àti ẹnì kejì dání.

1. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ béèrè ìdí. Ọkọ̀ tí kì í fẹ́ ṣíná ní tútù ni wọ́n máa ń gbóná sílẹ̀ fún àlejò.
2. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí abẹ́ ẹ̀ bá dà bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.
3. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Lára MX-5 àkọ́kọ́, irin abẹ́ ilẹ̀kùn, níwájú táyà ẹ̀yìn, ló ń kọ́kọ́ dípẹtà, torí ojú ihò tí omi òrùlé ń gbà jáde máa ń dí. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì rìn lórí ẹ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì panẹ́bítà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Lára MX-5 kejì (1998 sí 2005), ẹ wo irin ṣásì iwájú.
4. Ẹ wo àgò irin. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o gbọ́dọ̀ yí irin po. Bí ó bá tẹ̀, bí ó bá ní sísán, tàbí bí wọ́n bá ti lu ihò sí i lára, ọkọ̀ náà kò ní kọjá lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò.
5. Ẹ ka ọdún tó wà lára bẹ́líìtì àti ohun ìpaná, kí ẹ wá wo ìwé òfin bóyá wọ́n ṣì gbà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.
6. Ẹ wo bí táyà ṣe jẹ. Bí inú bá jẹ ju ìta lọ ní apá kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan, kí nǹkan sì ti tẹ̀.
7. Ẹ béèrè ìwé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré kò ní V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀) mọ́, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ọkọ̀ olè. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣásì gbọ́dọ̀ wà, kí ó ṣeé kà, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé kékeré tí ẹni tó ń tà á kọ àtúnṣe sí, bí ọ́ìlì bá tilẹ̀ ti kùn ún, mo kà á sí ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.
8. Ẹ béèrè ìdí tó fi ń tà á. "Mo fẹ́ ra ilé" dára. "Ó kan sú mi" kò burú. "Àtúnṣe díẹ̀ ló kù": ẹ béèrè pé kí ló dé tí kò fi ṣe é kó tó tà á.

Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ kí ẹ tó fojú rí ọkọ̀, ìbáà jẹ́ pé àwòrán ogún ló wà níbẹ̀.

Èmi fo ìgbésẹ̀ kẹta nígbà tèmi. Mo ra MX-5 aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rín ẹnu tó dùn, ó tilẹ̀ fún mi ní tíì. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé jáàkì sábẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ kí n lè yọ táyà. Ọkọ̀ kò gbéra. Jáàkì ló ń gòkè, ó ń wọ inú irin lọ, ìpẹtà sì ń dà sílẹ̀ bíi gàrí láti inú ihò náà. £900 ni panẹ́bítà gbà. Ó ju ìdajì owó òjijì mi lọ, mi ò tíì sá ẹsẹ̀ kan.

## Gbígbé e lọ, gbígbé e bọ̀

Láti December 16, 2021, ẹni tó bá ní ìwé ìwakọ̀ lásán ní Great Britain ti lè fa tirélà tí àpapọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà fún un kò ju 3,500kg lọ, láìṣe ìdánwò mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ rántí pé oṣù 12 péré ni ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ti di olùgbé ibí.

MX-5 bíi tọ́ọ̀nù kan, tirélà fúnra ẹ̀ bíi 450kg. Ọkọ̀ tó bá máa fà wọ́n gbọ́dọ̀ lè fa 1,500kg ó kéré tán. Ìwé ọkọ̀ yín á sọ ọ́. Ẹ má fojú díwọ̀n. Eré tí òfin gbà lórí motorway jẹ́ 60 máìlì ní wákàtí kan, ẹ kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí ìlà ọ̀tún pátápátá níbi tí ìlà bá ti tó mẹ́ta. Ẹrù iwájú tirélà ni kó wúwo díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Bí tirélà bá bẹ̀rẹ̀ sí jù sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ẹ má tẹ bíréèkì gbì.

## Bí ẹ bá fẹ́ dá a bí àjọ

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí owó ẹ̀ kò tó. Èèyàn mẹ́rin, C1 kan, ìdíje wákàtí gígùn. Owó ọkọ̀ pín sí mẹ́rin, ti ìforúkọsílẹ̀ pín sí mẹ́rin, oníkálukú sì wakọ̀ fún wákàtí tó tó. Aṣọ, akoto àti ìwé àṣẹ nìkan lẹ ò lè pín.

Ṣùgbọ́n àjọ láìsí ìwé máa ń di ìjà. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti Unilag, mo ti rí i tí wọn ò kí ara wọn mọ́ torí bọ́ńpà kan. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jókòó kọ èyí sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i:

- Ẹni tó bá fọ́ ọkọ̀ ńkọ́? Òun nìkan, tàbí gbogbo wa? (Èmi: ẹni tó wà nínú ẹ̀ san iye kan tí a ti fẹnu kò sí, ìyókù di ti gbogbo wa.)
- Bí ẹ́ńjìnnì bá kú fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ti gbogbo wa nìyẹn, kò sí àròyé.
- Bí ẹnìkan bá fẹ́ jáde láàárín ọdún, èló ni yóò gbà, ìgbà wo?
- Ilé ta ni ọkọ̀ ń sùn?
- Ta ni olùtọ́jú owó? Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ jù. Ẹni tó máa ń ka rìsíìtì ni.

## Bí owó kò bá tíì tó

- Ẹ yá ọkọ̀ fún eré kan. Àwọn kan wà tí wọ́n á gbé ọkọ̀ wá, wọ́n á tún un ṣe, ẹ̀yin á kàn wakọ̀. Ó wọ́n lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó rọjú ju ọkọ̀ tí ẹ máa kábàámọ̀ lé lórí. Ẹ béèrè iye tí ẹ máa san bí ẹ bá fọ́ ọ, kí ó wà lórí ìwé.
- AutoSOLO. Ẹ ń fi ọkọ̀ ojú títì yín yí ká kóònù, ẹnìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago tiẹ̀, ẹ sì ń fi ọkọ̀ kan náà wálé. Ọgbọ́n ìdarí ọkọ̀ tí ẹ óò rí kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.
- Ẹ di ẹni tó ń ju àsíá. Àwọn pápá ń wá olùyọ̀ǹda nígbà gbogbo, ẹ óò sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kọ́nà tí ẹ máa wá sáré níbẹ̀ lọ́la. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àsíá ARDS kò ní ṣòro fún yín mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń kọ̀wé sí mi láti Houston àti Maryland: ìlànà kan náà ni. Ẹ wá ìdíje Spec Miata lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ SCCA tàbí ẹgbẹ́ NASA (kì í ṣe ti òṣùpá). MX-5 yìí kan náà ni Miata. Tí ẹ bá fẹ́ ti ẹ̀rín àti àjọ, 24 Hours of Lemons wà, níbi tí òfin ti sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju $500 lọ, ohun ààbò kò sí nínú ìṣirò náà.

## Alẹ́ tó ṣáájú eré

- Ìwé àṣẹ, káàdì ẹgbẹ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀
- Aṣọ, akoto, ibọ̀wọ́, bàtà, HANS. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì
- Epo nínú jálá, ọ́ìlì lítà kan, ọ́ìlì bíréèkì tí a ò tíì ṣí
- Jáàkì, sípánà ńlá tí ẹ fi ń dè nọ́ọ̀tì táyà, ohun tí ẹ fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà
- Páàdì bíréèkì kan sílẹ̀, tépù dúdú, wáyà, okùn oníke
- Ẹ̀wù òjò, ìbáà jẹ́ July
- Mọ́ínmọ́ín nínú kúlà, kí ó pọ̀ ju èyí tí ẹ lè jẹ lọ. Ẹni tí ẹ bá fún ní mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ló máa yá yín ní bẹ́árìnì lọ́sàn-án.